“Look at it”, “look for it”, “look it up”: bí a ṣe ń to “look” pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn àti arọ́pò-orúkọ

“Why are you looking me?” Kò sí ẹni tó gbé Ìbàdàn tàbí Èkó tí kò tíì gbọ́ gbólóhùn yìí rí. Èdè wa ló bí i. “Kí ló dé tí ò ń wò mí?” lẹni náà fẹ́ sọ, “wò” sì máa ń gba àbọ̀ rẹ̀ (ẹni tàbí ohun tí à ń wò) tààrà: wò mí, wò ọ́, wò ó, wò wá. Ohunkóhun kì í dá sí i láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe yìí àti ẹni tí à ń wò. “Look” kò ní agbára yẹn. Bí o bá fẹ́ kí ó kan ẹnì kan tàbí nǹkan kan, àfi kí ọ̀rọ̀ kékeré kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ atọ́kùn, sìn ín débẹ̀: “Why are you looking at me?”

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló sì ń pinnu ìtumọ̀. Wò, wá, tọ́jú, wádìí, jọ, fojú tẹ́ńbẹ́lú: ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n “look” kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún wọn, tí yóò kàn máa pààrọ̀ ohun tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí kíkọ́ “look” gẹ́gẹ́ bí “wò” nìkan fi máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà. Ọ̀nà tó dára jù ni kí o kọ́ ọ pẹ̀lú arọ́pò-orúkọ lára rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Má ṣe kọ́ “look for” àti “look up” sórí lásán. “Look for it” àti “look it up” ni kí o kọ́, nítorí ibi tí “it” dúró sí ni yóò sọ fún ọ bí àkànpọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ “look it up” kò lè kọ “look up it” láéláé. Ẹni tó mọ “look up” nìkan ló máa ń ṣì í.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀

Mú ìwé kan, fa ìlà sí àárín ojú ewé. Kọ odidi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì sí apá òsì, kí o sì kọ Yorùbá tí ìwọ fúnra rẹ yóò sọ lẹ́nu sí apá ọ̀tún. “Look after = tọ́jú” kò tó. “Grandma looks after him” ní òsì, “Ìyá àgbà ló ń tọ́jú rẹ̀” ní ọ̀tún: èyí ló wúlò. Fún àkànpọ̀ kọ̀ọ̀kan, kọ gbólóhùn méjì, ọ̀kan tó ní ènìyàn, ọ̀kan tó ní nǹkan, nítorí àwọn kan wà tí kì í bá nǹkan lọ. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjìlá wọ̀nyí:

look at it: wò ó
look for it: wá a
look after it: tọ́jú rẹ̀, mójú tó o
look into it: wádìí rẹ̀
look through it: yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin
look like it: jọ ọ́
look it up: wá ìtumọ̀ tàbí àlàyé rẹ̀ nínú ìwé tàbí lórí fóònù
look it over: yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀
look forward to it: máa fi ìdùnnú retí rẹ̀
look up to him: bọlá fún un, fi í ṣe àwòkọ́ṣe
look down on him: fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀
look out for him: máa ṣọ́ ọ kí nǹkan má ṣe é

Bí o bá ń lo ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, wàá rí “sb” àti “sth” níbẹ̀. “Somebody” ni “sb”, “something” sì ni “sth”. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú fo àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni wọ́n ń fi ibi tí àbọ̀ ń gbé hàn. “Look after sb/sth” túmọ̀ sí pé ìparí ni àbọ̀ wà. “Look sth up” túmọ̀ sí pé ó lè wọ àárín.

“At”: ìgbà tí ó yẹ àti ìgbà tí kò yẹ

Bí ohun tí à ń wò bá wà nínú gbólóhùn, fi “at” sí i: “Look at me.” “Look at her shoes.” Bí kò bá sí níbẹ̀, yọ “at” kúrò: “Look! The bus is coming.” Bí ẹnì kan bá bi ọ́ pé “Have you looked at the form?”, má dáhùn pé “Yes, I have looked at.” “At” kò gbọdọ̀ dá dúró bẹ́ẹ̀. “Yes, I have looked at it” ni, tàbí “Yes, I have” lásán.

“Wo ibí” máa ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni “ibí” lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ó bá “wò” mu dáadáa, a sì ń tipa bẹ́ẹ̀ sọ pé “Look at here.” Gẹ̀ẹ́sì ka “here” àti “there” sí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, ọ̀rọ̀ atọ́kùn “at” kò sì lọ síwájú wọn níbí. “Look here.” “Look over there.” Ṣùgbọ́n “this” lè tẹ̀ lé e, “this place” náà lè tẹ̀ lé e: “Look at this.” “Wo ohun tí o ṣe” ń jẹ́ “Look at what you have done”, nígbà tí “Máa wo ibi tí ò ń lọ” ń jẹ́ “Look where you are going.”

Ibì kan wà tí “look” ti ń gba ènìyàn tààrà bíi “wò” tiwa. “Wò mí lójú” ni “Look me in the eye.” Kò sí “at” níbẹ̀ rárá, “Look at me in the eye” kò sì tọ̀nà. Irú rẹ̀ náà ni “She looked him up and down”, ìyẹn ni pé ó wò ó láti orí dé àtàǹpàkò. Kọ àwọn méjèèjì yìí sí ojú ewé ọ̀tọ̀ kí wọ́n má baà da ìyókù rú.

Má sì gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo “wò” ni “look at”. Bọ́ọ̀lù, fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n, “watch” ni wọ́n ń lò fún wọn. Dókítà tí o lọ wò, “see” ni: “I went to see a doctor.” Aláìsàn tí o lọ wò nílé ìwòsàn, “visit” ni.

Arọ́pò-orúkọ wo ló yẹ?

Ìṣòro tó pọ̀ jù wà níbí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ọ̀rọ̀ atọ́kùn. Tí a bá sọ pé “wò ó”, fáwẹ̀lì kan ṣoṣo tó fà gùn lẹ́yìn “wò” ló dúró fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ tàbí mọ́tò. Gẹ̀ẹ́sì ní kí o yàn: “look at him”, “look at her”, “look at it”. Kí o tó lanu, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé ta ni, kí sì ni. Ẹni tó bá ń yára sọ̀rọ̀ ni “him” máa ń bọ́ sí lẹ́nu fún màmá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tún wà. Nípa bàbá rẹ, o kò ní sọ pé “mò ń wá a.” “Mò ń wá wọn” ni ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa yóò sọ. Tí o bá gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀, “I am looking for them”, ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ yóò rò pé ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ò ń wá. Lóòótọ́, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lo “they” àti “them” fún ẹnì kan ṣoṣo, pàápàá nígbà tí wọn kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, tàbí nígbà tí ẹni náà bá fẹ́ kí wọ́n máa pe òun bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀. “I am looking for him” kò rí bàbá rẹ fín. Bí ọkàn rẹ kò bá gbà á, lo oyè tàbí orúkọ: “I am looking for my father”, “I am looking for Chief Adéwálé.” Ibẹ̀ ni ọ̀wọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà.

“Ara wọn” nìkan tó láti sọ ìtumọ̀ gbólóhùn dà. “Wọ́n ń wo ara wọn” lè jẹ́ pé Títí ń wo Délé, Délé sì ń wo Títí. Ó sì lè jẹ́ pé kálukú ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Yorùbá kò yà wọ́n sọ́tọ̀, Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n. Ti àkọ́kọ́ ni “They are looking at each other”, ti ìkejì ni “They are looking at themselves.” Lójoojúmọ́ ni a ń gbọ́ “They were just looking at themselves” fún àwọn méjì tí wọ́n kojú síra. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà yóò máa wá dígí tó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “The couple look after each other” túmọ̀ sí pé ọkọ ń tọ́jú ìyàwó, ìyàwó ń tọ́jú ọkọ. “Look after themselves” túmọ̀ sí pé wọn kò nílò ẹlòmíì láti tọ́jú wọn. Ìdánwò rẹ̀ kò le: bí o bá lè fi “ẹnì kìíní-kejì” rọ́pò “ara wọn” tí ìtumọ̀ kò sì yí padà, “each other” ni.

Ẹnì kan ṣoṣo tó bá ń wo ara rẹ̀, “-self” ni: “She looked at herself in the mirror.” “Look after yourself.” Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ atọ́kùn bá ń tọ́ka sí ibi tí ojú ń lọ, arọ́pò-orúkọ lásán ni wọ́n ń lò. “Wo ẹ̀yìn rẹ” ni “Look behind you”, kì í ṣe “behind yourself”. “Ó wo àyíká rẹ̀” ni “He looked around him.”

“Look at my brother and I” náà wọ́pọ̀, títí dé ẹnu àwọn tó kàwé gan-an. Lára ohun tó fà á fún wa ni pé bí “àti” bá so ènìyàn méjì pọ̀, “èmi” ni à ń lò, ìbáà jẹ́ olùwà, ìbáà jẹ́ àbọ̀: “Èmi àti àbúrò mi lọ”, “Ó wo èmi àti àbúrò mi.” Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, nítorí náà “I” náà kò yí padà lẹ́nu wa. Yọ ẹnì kejì kúrò kí o gbọ́ bí ó ṣe dún. “Look at I” kò ṣe é gbọ́. “Look at me” ni. Nítorí náà, “Look at my brother and me.”

“Look for”, “search” àti “find”

“Mo ti ń wá fóònù mi láti àárọ̀” ni “I have been looking for my phone since morning.” “I have been finding my phone” kò tọ̀nà, nítorí “find” ni rírí tí a rí i, kì í ṣe wíwá. Wíwá lè gba wákàtí mẹ́ta. Rírí kì í gba ju ìṣẹ́jú àáyá lọ. Nítorí náà, “I looked for it for three hours and found it under the bed.”

“Search” ṣòro díẹ̀ nítorí ó lè ní “for” tàbí kó má ní in, ìtumọ̀ méjèèjì sì jìnnà síra. “The police searched him”: ọlọ́pàá tú ara rẹ̀ àti àpò rẹ̀ wò. “The police searched for him”: ọlọ́pàá wá a kiri. Ẹni tó bá gbàgbé “for” nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ní àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ní kóòtù ti sọ ohun mìíràn pátápátá. “Look for” kò ní ewu yìí, nítorí “look him” lásán kò sí. Bí o kò bá dá ara rẹ lójú, òun ni kí o lò.

“You are looking for my trouble” jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tiwa, gbogbo wa ló yé. Ní London tàbí Houston, “You are looking for trouble” ni wọn yóò mọ̀. “My” ni kí o yọ.

“It” tó wọ àárín: “look it up”

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé “look” pín sí. “At”, “for”, “after”, “into”, “through” àti “like” jẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn gidi: iwájú àbọ̀ ni wọ́n máa ń wà, bí àbọ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ arọ́pò-orúkọ. “Look after him” nìkan ló wà. Kò sí “look him after”. “Look into the matter” nìkan ló wà. Kò sí “look the matter into”. “Up” inú “look it up” àti “over” inú “look it over” kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n, àbọ̀ sì lè wọ àárín.

Tí àbọ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀nà méjèèjì dára: “Look up the word”, “Look the word up.” Tí ó bá jẹ́ “it”, “him”, “her”, “them”, “me” tàbí “us”, àárín ni dandan: “Look it up.” “Look them up.” “Look up it” kò sí, bó ti wù kó kánjú tó. Tí ọ̀rọ̀-orúkọ náà bá sì gùn, tì í sẹ́yìn “up”: “Look up the word that the lecturer used yesterday.” Bí o bá fi gbogbo èyí sí àárín, “up” yóò jìnnà sí “look” débi pé olùgbọ́ yóò ti gbàgbé pé ó ń bọ̀.

Bí o kò bá mọ ẹgbẹ́ tí àkànpọ̀ kan wà, sọ ọ́ sókè kí o fetí sí ohùn. Nínú “look it up”, “up” máa ń dún ketekete, “it” kì í dún púpọ̀. Nínú “look at it” àti “look for it”, “look” ló máa ń dún. “At” àti “for” máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Àwa tí a mọ́ra pẹ̀lú èdè olóhùn máa ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí náà a máa ń pe “at” gẹ́gẹ́ bí ẹni pé òun ni kókó. Sọ “look at it” ní ìgbà mẹ́wàá ní kíákíá, jẹ́ kí “at” rọ̀. Èyí tún wúlò fún etí: ọ̀pọ̀ tó ń sọ “looking me” kò gbọ́ “at” rí lẹ́nu Òyìnbó, nítorí wọn kì í pè é síta.

“Look up” tún ní ìtumọ̀ tí gbogbo ẹni tó bá lọ sí òkè òkun gbọ́dọ̀ mọ̀. “Look me up when you get to London”: bí o bá dé London, wá mi kàn. Kì í ṣe pé kí o wo òkè. Bí o bá sì fi “to” kún un, ìtumọ̀ yí: “My younger ones look up to me”, àwọn àbúrò mi ń bọlá fún mi, èmi ni wọ́n ń wò ṣe àwòkọ́ṣe. Kíyè sí i pé “me” ti kúrò ní àárín. “To” jẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn gidi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni arọ́pò-orúkọ ń gbé.

“Over” náà nílò àkíyèsí. “Look it over” ni kí o yẹ lẹ́tà tàbí iṣẹ́ kan wò kí o tó fi ránṣẹ́. “Look over it” ni kí o na ọrùn wo òdì kejì nǹkan, bí ògiri tàbí ọgbà: “The wall is too high; I can't look over it.” “Overlook it” tún jẹ́ ọ̀tọ̀: gbójú fò ó. “Please overlook his mistake” ni ẹ̀bẹ̀ tí à ń bẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀. Ẹni tó bá kọ sí ọ̀gá rẹ̀ pé “Please look over my mistake” ti ní kí ọ̀gá náà jókòó ti àṣìṣe rẹ̀, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́yìn

“Look forward to”, “look up to”, “look down on”, “look out for”, “look back on”, “look in on”. Òfin kan ló kan gbogbo wọn: òpin ni arọ́pò-orúkọ wà, àbọ̀ kò gbọdọ̀ ya wọ́n. “Look in on her” ni kí o yà wò ó fún ìgbà díẹ̀ bóyá àlàáfíà ni ó wà. “Look back on it” ni kí o bojú wẹ̀yìn ronú lórí rẹ̀.

Nínú lẹ́tà, “look forward to” ló ń gba máàkì lọ́wọ́ ènìyàn jù. “I look forward to hear from you” ni ọ̀pọ̀ ń kọ parí lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti lẹ́tà inú ìdánwò WAEC. “Hearing” ló tọ̀nà. Ìdí rẹ̀ ni pé “to” méjì ló wà. “To” inú “I want to hear” ń ṣí ọ̀nà fún ọ̀rọ̀-ìṣe. “To” inú “look forward to” jẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn, ọ̀rọ̀-orúkọ, arọ́pò-orúkọ tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní “-ing” ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Fi “it” dán an wò. “I look forward to it” lọ geere. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni, fi “-ing” sí i. “I want to it” kò lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ atọ́kùn, má fi “-ing” sí i. Ìdánwò kan náà yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ “I am used to” àti “I object to”.

Lẹ́tà tó kún fún ọ̀wọ̀, “I look forward to hearing from you” ni. Sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, “I'm looking forward to seeing you” ló móoru jù. Ohun rere nìkan ni wọ́n sì ń lò ó fún. “Retí” tiwa kò yan rere tàbí búburú. A lè retí ọlọ́jà, a lè retí ìjì. Fún ìjì, “We are expecting a storm” ni.

Ìyàtọ̀ “on” àti “at” kéré lójú, ó tóbi lọ́kàn. “She looked down at him”: òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ó wà, ó bojú wolẹ̀ wò ó. “She looked down on him”: ó fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “look up at him” jẹ́ ti ojú, “look up to him” jẹ́ ti ọkàn.

Tí o bá fẹ́ sọ “Ojú yín là ń wò” fún ẹni tí ìrànlọ́wọ́ ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, má ṣe sọ pé “We are looking at your face.” “We are looking to you” ni, tàbí ní kíkún, “We are looking to you for help.”

“Look like”

“She looks like me”: ó jọ mí. “Like” gba “me”, kò gba “I”. Má sọ ọ́ di “She is looking like me”, àyàfi bí ìrísí náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà. “Wọ́n jọra” ni “They look alike”, kò sì gba ohunkóhun mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. “Resemble” gba àbọ̀ tààrà bíi “jọ” tiwa: “She resembles me”, láìsí “with”, láìsí “to”.

“Báwo ló ṣe rí?” ló bí “How does she look like?” Yan ọ̀kan nínú méjì. “What does she look like?” ń béèrè àwọ̀, gíga àti ojú rẹ̀ kí o lè dá a mọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. “How does she look?” ń béèrè bí ó ṣe rí lónìí, bóyá ara rẹ̀ le tàbí ó rẹ̀ ẹ́.

Nínú ìbéèrè àti gbólóhùn tó yí padà

“Ta ni ò ń wá?” kò ní ohunkóhun lẹ́yìn “wá”, nítorí náà “for” máa ń bọ́ sọnù: “Who are you looking?” Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí o gbé ọ̀rọ̀ atọ́kùn náà dé òpin: “Who are you looking for?” “What are you looking at?” “The man I am looking for is tall.” Má fi “him” kún èyí tó gbẹ̀yìn yìí. Nítorí pé a máa ń sọ “ẹni tí mo sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀”, ó máa ń ṣe wá bíi kí a sọ pé “the man I am looking for him.” “The man” ti ṣe iṣẹ́ “him” náà.

Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tí a kò bá dárúkọ olùṣe: “The matter is being looked into.” “The children were well looked after.” Ọ̀rọ̀ atọ́kùn kò kúrò lẹ́yìn “looked”.

Ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà yóò máa gbọ́ “look out the window” àti “look around”. Ní Britain, “look out of the window” ló pọ̀ jù nínú ìwé, “look round” náà sì wọ́pọ̀. Kò sí èyí tó burú. Mú ọ̀kan, kí o sì dúró tì í nínú ìwé kan náà.

Dán ara rẹ wò

Bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, kọ mẹ́jọ yìí ní Gẹ̀ẹ́sì:

1. Ta ni wọ́n ń wá?
2. Mi ò tíì wá ìtumọ̀ rẹ̀ (ọ̀rọ̀ kan).
3. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.
4. Màmá wà nínú ọjà. Mò ń wá wọn.
5. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbójú fò ó.
6. Wá a kàn tí o bá dé Manchester (ọkùnrin).
7. Ó wo èmi àti ìyàwó mi (obìnrin ló wò wọ́n).
8. Inú wa ń dùn, à ń retí àtirí yín.

Ìdáhùn: 1. Who are they looking for? 2. I haven't looked it up yet. 3. They looked at each other and burst out laughing. 4. Mum is in the market. I'm looking for her. 5. Please overlook it. 6. Look him up when you get to Manchester. 7. She looked at my wife and me. 8. We are looking forward to seeing you.

Bí o bá ṣi 3 tàbí 4, padà sí apá arọ́pò-orúkọ, má tíì fọwọ́ kan “look up”. Bí o bá ṣi 2 tàbí 6, ohùn ni kí o fi kọ́ ọ: pe “look it up” àti “look him up” sókè títí “up” yóò fi máa dún ju ìyókù lọ. Ní 8, bí o bá kọ “to see”, fi “it” rọ́pò ohun tó wà lẹ́yìn “to”, kí o tún un kọ.